Kò Hàn Mọ́

Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ mí, kó kọ́kọ́ jókòó, kó gbọ́ ohun tí ọkọ mi ṣe, kó wá sọ fún mi bóyá ó yẹ kí n gba ẹ̀bẹ̀. Gbogbo ará ilé ló ń sọ pé ẹnu mi ti mú jù. Ẹnu mi mú lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu mímú kọ́ ló gbé mi dé ibi tí mo bá ara mi. Etí tí kò gbọ́ràn tán ló gbé mi débẹ̀, etí ọ̀hún kì í sì í ṣe tèmi.

Télọ̀ ni mí, aṣọ iléèwé ni mo ń rán jù. Ọkọ mi ń jó irin. Géètì, irin ojú fèrèsé, àga onírin, kò sí èyí tí kì í ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í báni jà, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Èmi náà fẹ́ràn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè fi pẹ̀lẹ́ pààyàn.

A ti fẹ́ra wa fún bí ọdún kan kí a tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọmọ la ń wá, ilé ìwòsàn sì ní ká jọ wá. Wọ́n pè wá wọlé pọ̀, wọ́n sọ èsì fún wa pọ̀: kòkòrò éèdì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi, kò sí nínú tèmi. Kó tó mọ̀ mí ló ti kó o. Mo bi í, ó jẹ́wọ́, mo sunkún, mo forí jì í. Ẹjọ́ tòní kọ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó dí wa lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà wá nímọ̀ràn lọ́jọ́ náà. Àǹtí Tún-un-sọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò ní jẹ́ kí o dìde lórí àga títí wàá fi fẹnu ara rẹ sọ ohun tí o gbọ́. Tó bá sọ̀rọ̀ tán, á káwọ́ lẹ́rán, á ní ó yá, tún un sọ. Tí o bá ní o ti gbọ́, á ní ògiri náà létí, ohun tí ògiri gbọ́ kò kan òun. Ó sọ fún wa pé kí ọkọ mi máa lo oògùn lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan. Ó ní ká máa lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, èyí tí àwa ń pè ní rọ́bà, ní gbogbo ìgbà. Ọkọ mi tún un sọ, èmi náà tún un sọ, láìyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Èmi tí ọmọ ń jẹ lọ́kàn, mo wá bi í pé ṣé a ò ní bímọ láé ni. Àǹtí ní a ó bímọ. Ó ní oògùn yẹn á máa tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ò fi ní rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, tí ọkọ mi kò sì dáwọ́ oògùn dúró, kò ní lè kó o ràn mí, a lè pa rọ́bà tì. Ó ní àmọ́ kòkòrò á ṣì wà níbi tó lúgọ sí, oògùn ló di ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ní tí ọjọ́ yẹn bá dé, ká jọ wá sí yàrá òun, òun á tún ọ̀rọ̀ náà tò fún wa. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó ń ṣàlàyé, bàtà rẹ̀ ni ọkọ mi ń wò.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń lo oògùn, ara rẹ̀ ń yá. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Mi ò ní kí ìyá má wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá ṣe wọlé báyìí, oògùn jáde. Ọkọ mi ní òun ò fẹ́ kí Màámi rí i, ó kó gbogbo ike oògùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ibẹ̀ ni òun á ti máa lò ó ní àràárọ̀. Mo ní kó sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, á na aṣọ iléèwé kékeré kan sókè, á ní ó mà dára o, aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Á béèrè bóyá àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ kò kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń rán ti ọmọ ẹni. Ẹ gbọ́ o, ọmọ tirẹ̀ ló ń fi rọ́bà sùn tì mí kí n má baà kó àìsàn, èmi ló wá ń pè ní àgàn. Ọkọ mi á wà níbẹ̀, á máa jẹun lọ. Tí a bá wọ yàrá, á ní kí n má bínú, àgbàlagbà ni.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kó wá gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí iléèwé fẹ́ wọlé. Aṣọ kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu ọ̀nà, àwọn òbí sì wà níta tí wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Mi ò lè bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn dá mi lẹ́bi, kó wá rán ṣòkòtò. Ọ̀sán lọkọ mi dé, ó ń rẹ́rìn-ín títí dé èrìgì, ó sún mọ́ mi létí, ó ní, "Kò hàn mọ́." Mo fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo dì mọ́ ọn. Mo bi í pé ṣé ó rí Àǹtí. Ó ní wọ́n ti dá òun lóhùn. Lóru ọjọ́ yẹn a pa rọ́bà tì, inú mi sì dùn, mi ò ní purọ́.

Bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nǹkan oṣù mi kò dé. Mo dúró, kò dé. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, ilà méjì yọ. Àárọ̀ ni, ọkọ mi ń wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó gbé mi sókè, ó gbé mi sílẹ̀, ó tún gbé mi sókè. Ó ní ṣebí òun mọ̀, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáná sun àwọn oògùn yẹn ni ara òun ti yá gágá.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ní oògùn wo. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní oògùn òun, èyí tí òun ń lò tẹ́lẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́fà ni wọ́n kó fún òun lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé òun ń ṣe dáadáa. Nígbà tí wọ́n ní kò hàn mọ́, òun kó o sínú iná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni má baà rí ike rẹ̀.

Ara mi bù máṣọ. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa, "ẹ" ni mo ń bá ọkọ mi sọ, bí a tilẹ̀ wà nínú yàrá àwa méjì. Ọjọ́ yẹn ni "ẹ" bọ́ lẹ́nu mi.

"Ìwọ," mo ní, "kí lo ṣe?"

Kò kọ́kọ́ yé e. Ó rò pé ìdùnnú ló ń pa mí bí ọtí. Ìgbà tó rí ojú mi ló gbé mi sílẹ̀. Mi ò pariwo, ìyá rẹ̀ wà ní pálọ̀. Mo sọ fún un pé kó lọ wẹ ọwọ́, a ń lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú ọkọ̀ ó ń bi mí pé kí ló dé, pé ṣé ohun tí kò sí mọ́ la ó tún máa gbé oògùn mì fún. Mo wo fèrèsé. Bí mo bá yanu lọ́jọ́ yẹn, gbogbo inú ọkọ̀ ni ì bá bọ́ sílẹ̀.

Àǹtí Tún-un-sọ rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un lóòró, kí a tó jókòó. Ẹ̀rín náà gbẹ. Ó bi ọkọ mi pé ta ló fún un ní èsì. Ọkọ mi ní ọkùnrin tó wà lójú fèrèsé yàrá àyẹ̀wò ni. Àǹtí ní kí wọ́n lọ pè é wá.

Ọmọkùnrin náà dé, aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní òun rántí. Ó ní èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, òun ka ohun tó wà níwájú òun fún ọkùnrin yìí láti ojú ihò fèrèsé, òun ní kò hàn mọ́, ẹ kú oríire. Ó ní irọ́ kọ́ ni òun pa.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n inú bí Àǹtí jù mí lọ. Ó bi í pé ṣé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló ń tà ni, tí yóò fi máa na ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn jáde láti ojú ihò. Ó ní ta ló kọ́ ọ ní "ẹ kú oríire." Ẹni tí ara rẹ̀ ti sàn tán là ń kí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bímọ là ń kí bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé ó bi ọkùnrin náà pé kí ló gbọ́. Ọmọkùnrin náà ní iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn. Àǹtí ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba irú èsì bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé mọ́, inú yàrá òun ni, lọ́kọ láya. Ọmọkùnrin náà ní ó dáa, ó jáde lọ. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí.

Ìgbà yẹn ni ọkọ mi wá rí ẹnu fọhùn. Ó ní ẹ ò rí i pé ẹ̀bi òun kọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ní kò hàn mọ́," ó sọ fún Àǹtí. "Ohun tí wọ́n wá tí wọn ò rí, ṣebí ó ti lọ nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo rẹ́rìn-ín, Àǹtí sì yíjú wò mí bí ẹni tó fẹ́ dì mí mú.

"Oyún tó wà nínú mi yìí," mo ní, "ṣé ó ti hàn?"

Ọkọ mi wo ikùn mi. Pẹlẹbẹ ni. Ó ní rárá.

"Ṣé kò wá sí níbẹ̀ ni?"

Ó tún wo ikùn mi. Mo rí i bí ó ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ́kàn, díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Mo ti kó o ràn án bí?" Èmi kọ́ ló sọ ọ́ fún, Àǹtí ló kọjú sí. Mo ní kó kọjú sí mi, kó bi mí.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì. Nígbà tí Àǹtí padà wọlé, mo ní kó má sọ "kò hàn" fún mi o, kó sọ ó wà tàbí kò sí. Ó ní kò sí. Mo ń mí kanlẹ̀ lọ́wọ́ ló na ìka sókè. Ó ní lónìí ni kò sí. Tó bá jẹ́ pé láìpẹ́ yìí ló wọlé, àyẹ̀wò lè má tíì gbá a mú, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti ọkọ mi ti padà wá, ó sì pọ̀ bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní tí mo bá kó o nígbà tí mo wà nínú oyún, ó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ó ní ká padà sí rọ́bà, kí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀, òun á sì fún èmi náà ní oògùn ìdènà tí kò ní pa oyún lára, tí n ó máa lò lójoojúmọ́.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Èmi tí nǹkan kan kò ṣe. Èmi ni n ó máa gbé oògùn mì lórí ohun tí ẹlòmíràn fi etí kan gbọ́.

Àǹtí káwọ́ lẹ́rán. Ó ní kí ọkọ mi tún un sọ. Ó sọ ti oògùn, ó sọ ti rọ́bà. Nígbà tó dé ibi ọmọ, ó fẹ́ fò ó. Àǹtí kò ràn án lọ́wọ́. Ó dúró títí ó fi sọ ọ́ tán, pé kòkòrò náà lè má hàn kó sì wà, pé òun ò gbọdọ̀ dá oògùn dúró láyé òun, pé tí òun bá dá a dúró, òun lè kó o ran ìyàwó òun àti ọmọ inú rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo gbé ike oògùn méjèèjì sórí tábìlì ìjẹun, tirẹ̀ àti tèmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo iyọ̀. Ó fẹ́ kó tirẹ̀ sápò. Mo ní, "Ìwọ, tó o bá gbé e kúrò níbẹ̀, èmi náà á kúrò nílé yìí." Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti yàrá, ó gbọ́.

Kò rí oògùn, "ìwọ" ló gbọ́. Ó ní ta ni mò ń pè ní ìwọ, ṣé ọkọ mi ni mò ń pè ní ìwọ, ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni. Mo ní Màámi, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ẹ bi ọmọ yín ohun tó wà lórí tábìlì. Ó gbé ike kan, ó gbé èkejì. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó ti tọ́jú aláìsàn rí, ó mọ irú ike bẹ́ẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo kó o wálé."

Mo dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹnu mi mú, mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Mo ti pinnu nínú mi pé tí ọkọ mi bá jókòó tì í bó ṣe máa ń jókòó tì í, tó ní àgbàlagbà ni, n ó kó ẹ̀rù mi kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ á tún gbé oògùn pamọ́, ẹni tó bá sì ń gbé oògùn pamọ́, lọ́jọ́ kan á jù ú nù, èmi àti ọmọ la ó jìyà rẹ̀.

Ọkọ mi gba ike náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Màámi, èmi ni mo ni ín," ó ní. "Mo ti ní i kí n tó fẹ́ ẹ. Òun ò ní i. Nǹkan tí mò ń lò kí n má baà kó o ràn án ni kò jẹ́ kó tètè lóyún. Ẹ̀ ń bú u, mo sì ń gbọ́, mo sì ń jẹun."

Ìyá náà jókòó. Kò bẹ̀ mí. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì bẹ̀ mí. Ní ọjọ́ kejì mo rí i tó ya abọ́ àti ife ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀ lórí pẹpẹ. Mo gbé abọ́ náà padà sáàárín tiwa, mo bu oúnjẹ sí i, mo jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, mo sì lá ṣíbí náà. Mo ní abọ́ kì í kó o ranni. Kò tún yà á mọ́. Kò sì tún na aṣọ iléèwé kankan sókè lójú mi mọ́.

Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má bi mí bí mo ṣe lò wọ́n. Mò ń rán aṣọ, abẹ́rẹ́ ń gún mi lọ́wọ́. Tí èébì bá gbé mi, mi ò mọ̀ bóyá oyún ni tàbí nǹkan mìíràn. Tí ara mi bá gbóná díẹ̀, mo ti kú nínú ọkàn mi nìyẹn. Ọkọ mi á gbé oògùn rẹ̀ mì níwájú èmi àti ìyá rẹ̀, á yanu kí n rí i. Mo máa ń wò ó dáadáa. Ìfẹ́ kọ́ ni mo fi ń wò ó.

Ọjọ́ àyẹ̀wò kejì, Àǹtí ti ilẹ̀kùn, ó jókòó. Ó ní kò sí. Ó ní èyí dáni lójú ju ti ìṣáájú lọ, ti ọkọ mi náà sì ti ń lọ sílẹ̀. Ó ní a ó ṣì máa yẹ̀ mí wò títí n ó fi bímọ, àti nígbà tí mo bá ń fún ọmọ lọ́mú, nítorí tí mo bá kó o nígbà yẹn, inú ọmú ló máa gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọkọ mi dojú bolẹ̀ lórí tábìlì Àǹtí, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo jẹ́ kó sun ún. Èmi ò rí ẹkún sun.

A jáde. Ibùdókọ̀ kún. Ó ń nu ojú, ó ní ó ti tán báyìí, àbí, pé ṣé mo ti dárí ji òun.

Mo wò ó. Mo mọ̀ pé kò ní ìkà nínú. Mo mọ̀ pé ọmọ ló ń wá, pé oògùn ti sú u, pé ohun tó wù ú láti gbọ́ ni etí rẹ̀ gbọ́. Mo mọ gbogbo ìyẹn, inú ṣì ń bí mi dé ọ̀fun.

"Ọjọ́ tí mo bá já ọmọ yìí lẹ́nu ọmú," mo ní, "kó o wá bi mí."

A dúró de ọkọ̀.